Ọjọ́ 16 ní Bràsíìlì: súwẹ́tà nínú báàgì, gàrí lọ́wọ́

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ nkan kan. Nígbà tí èmi àti àbúrò mi ń ṣètò ìrìn-àjò yìí, a tẹ́ màpù Bràsíìlì sórí tábìlì, a mú bírò, a ń fi ìlà so ìlú mọ́ ìlú bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀, gbogbo ẹ̀ wá ń wò lójú wa bíi pé èèyàn fẹ́ ti Ìbàdàn lọ Ọ̀yọ́ kó sì padà wá jẹun alẹ́ nílé. Màpù tàn wá jẹ. Ilẹ̀ yẹn gba Nàìjíríà mẹ́sàn-án, ìpínlẹ̀ 26 ni wọ́n pẹ̀lú agbègbè olú-ìlú, aago mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń lò nínú orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo, tẹ́ ẹ bá sì yọ Chile àti Ecuador kúrò, kò sí orílẹ̀-èdè kankan ní Gúúsù Amẹ́ríkà tí kò bá wọn pààlà. A gba fíísà, a gba abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú (ẹ tètè gbà á o, ó kéré tán ọjọ́ 10 kẹ́ ẹ tó débi igbó), a di báàgì. Oṣù Keje la lọ. Ohun tó wà nínú báàgì àbúrò mi: ṣòkòtò péńpé mẹ́fà, síńgílẹ́ẹ̀tì, sálúbàtà. Ẹ máa bá mi ká lọ.

Ọjọ́ kìíní, São Paulo

A gba Addis Ababa, láti ibẹ̀ ó tó nkan bíi wákàtí 12 nínú ọkọ̀ òfurufú ká tó balẹ̀. Bá a ṣe jáde síta báyìí, òtútù gbá wa létí. Mo wo fóònù, dígírì 12. Àbúrò mi wojú mi, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ṣé Bràsíìlì yẹn náà la wà báyìí?" Òun náà ni o. Apá ìsàlẹ̀ ayé ni wọ́n wà, Oṣù Keje ni àsìkò òtútù wọn, São Paulo fúnra ẹ̀ tún wà lórí òkè, ó fi nkan bíi 760 mítà ga ju òkun lọ, òjò wíníwíní kan wá wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní garoa, kì í rọ̀ kó tán, kì í sì í dá, ó kàn máa ń fọ́n sí èèyàn lára bí ìgbà tí alágbàfọ̀ ayé àtijọ́ bá fẹnu fọ́n omi sáṣọ kó tó lọ̀ ọ́.

Torí náà owó tá a kọ́kọ́ ná ní Bràsíìlì, súwẹ́tà méjì àti kẹ́tùlù kékeré kan ni, kí àbúrò mi lè rí tíì gbígbóná mu nínú yàrá. Ẹ rántí kẹ́tùlù yẹn, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ń bọ̀.

Obìnrin tó gbà wá lálejò ní hòtẹ́ẹ̀lì bi wá pé níbo la tún ń lọ. Mo kà á fún un: Foz, Pantanal, Brasília, Manaus, Maranhão, Salvador. Ó la ẹnu, kò lè pa á dé. Ó ní òun tí wọ́n bí síbí, òun ò dé Manaus rí, kò sẹ́ni tó débẹ̀ rí nínú ẹbí òun, pé ibẹ̀ ti jìnnà jù, pé tá a bá débẹ̀ ká wá sọ fún òun bó ṣe rí. Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Ìgbà tó dalẹ́ ni mo wá ṣírò ẹ̀, láti São Paulo dé Manaus nìkan, ọkọ̀ òfurufú bíi wákàtí mẹ́rin. Tẹ́ ẹ bá fo wákàtí mẹ́rin láti Èkó, ẹ ti kọjá Dakar.

Ọjọ́ kejì, São Paulo

Sọ́ńdè ni. Wọ́n máa ń ti Avenida Paulista mọ́ ọkọ̀ ní Sọ́ńdè, títì ńlá yẹn wá di ti ẹlẹ́sẹ̀, oníkẹ̀kẹ́, onílù, àti àwọn bàbá arúgbó tó ń jó bíi pé kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n. Ilé àwòrán kan tí wọ́n ń pè ní MASP wà níbẹ̀, ọdún 1968 ni wọ́n ṣí i, Lina Bo Bardi ló ya ilé náà, wọ́n gbé odidi ilé kọ́ òpó pupa, abẹ́ ẹ̀ ṣófo fún 74 mítà láìsí òpó kankan láàárín. Àbúrò mi kọ̀ láti dúró sábẹ́ ẹ̀. Ó ní òun ò mọ ẹni tó po sìmẹ́ńtì ẹ̀.

Lọ́sàn-án a jẹun níbi tí wọ́n ti ń fi òṣùwọ̀n wọn oúnjẹ. Ẹ ó mú àwo, ẹ ó bu ohun tó wù yín, wọ́n á gbé àwo sórí òṣùwọ̀n, iye kílò tó bá jẹ́ lẹ máa sanwó ẹ̀. Ó dáa gan-an fún ẹni tí ò gbọ́ èdè Potogí torí ojú lẹ fi ń mú u, ẹ ò ní béèrè nkankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ẹ kíyè sí egungun. Àbúrò mi kó ẹran eléegun jọ bí òkìtì, ìgbà tó rí iye tó já sí ló mọ̀ pé egungun náà ń wúwo.

Ohun tó bí mi nínú lọ́jọ́ yẹn ni CPF. Nọ́ńbà owó orí ni, gbogbo ọmọ Bràsíìlì ló ní in, kò síbi tí wọn ò ti ń béèrè ẹ̀, ẹ fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, CPF, ẹ fẹ́ fi orúkọ sílẹ̀ fún síìmù, CPF, nígbà míì tẹ́ ẹ kàn fẹ́ ra búrẹ́dì lásán wọ́n á bi yín bóyá ẹ fẹ́ kí wọ́n kọ CPF yín sórí rìsíìtì. Àlejò ò ní in. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ ni pé a ti ra gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú láti ilé, èyí tó kù a fẹsẹ̀ rìn lọ síbi tí wọ́n ti ń tà á pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́.

Ọjọ́ kẹta, Foz do Iguaçu

Ìlú tí Bràsíìlì, Argẹntínà àti Paragúáì ti fojú kanra nìyí. Ẹ máa gbọ́ ohùn ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ omi Iguaçu kẹ́ ẹ tó rí i. Mo ti gun Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà rí, mo sì máa ń fi yangàn, ṣùgbọ́n kí n má parọ́, wọn kì í ṣẹgbẹ́ ara wọn. Nkan bí 275 ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ omi ló ń já lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ wà ní ilẹ̀ Argẹntínà, àmọ́ torí pé òdìkejì ni Bràsíìlì wà, ọ̀dọ̀ Bràsíìlì lẹ ti máa rí gbogbo ẹ̀ pa pọ̀, bí ẹni tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan wà létí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó fi díẹ̀ lé ní kìlómítà kan, ó wá parí sórí afárá tó wọ inú omi lọ, ẹ̀bá Garganta do Diabo, tó túmọ̀ sí ọ̀nà ọ̀fun Bìlísì. (Mo mọ̀ pé àwọn kan máa fẹ́ kí n kọ Èṣù síbẹ̀. Mi ò ní kọ ọ́. Èṣù ò ṣe wọ́n ní nkankan.) Omi tó ga tó bí ilé alájà 20 ń já níwájú wa, ìkùukùu omi ń dìde látìsàlẹ̀, ká tó ka ení èjì a ti rẹ gbingbin, òtútù dígírì 14, eyín mi ń lu ara wọn bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Ẹranko kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní quati, imú gígùn, ìrù àmì òrùka-òrùka, ó lẹ́wà, olè ni. Wọ́n lẹ àwòrán ọwọ́ tí quati ti gé jẹ káàkiri kẹ́ ẹ má bàa fún wọn lóúnjẹ. Àbúrò mi rí àwòrán yẹn, ó rẹ́rìn-ín, ó tú búrẹ́dì ẹ̀. Quati méjì ló wá. Ọ̀kan dúró síwájú ẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kí i, èkejì gba ẹ̀yìn yọ búrẹ́dì lọ́wọ́ ẹ̀. Iṣẹ́ gbájúẹ̀ gan-an ni.

Ọjọ́ kẹrin, Itaipu

Ìdídò omi tí Bràsíìlì àti Paragúáì jọ kọ́ sórí odò Paraná, ọdún 1984 ló bẹ̀rẹ̀ sí í mú iná wá. Ẹ̀rọ 20, ọ̀kọ̀ọ̀kan mẹ́gáwáàtì 700, gbogbo ẹ̀ mẹ́gáwáàtì 14,000. Èmi àti àbúrò mi wo ara wa, a ò sọ̀rọ̀, ẹni tó bá ti gbé Nàìjíríà mọ ohun tá à ń rò. Ẹni tó ń mú wa káàkiri wá sọ nkan tí mi ò mọ̀ rí, pé iná Paragúáì àti iná Bràsíìlì ò jọra, hẹ́ẹ̀tì 50 (ìyẹn iye ìgbà tí iná ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ni Paragúáì ń lò, hẹ́ẹ̀tì 60 ni Bràsíìlì, torí náà wọ́n pín ẹ̀rọ náà sọ́gbọọgba, mẹ́wàá fún ẹnì kìíní, mẹ́wàá fún ẹnì kejì. Bí àwọn ìyàwó méjì tó ń pín ilé ìdáná.

Ọjọ́ karùn-ún, ọ̀nà Cuiabá

Ọjọ́ òfo. A padà gba São Paulo kó tó di pé a gorí ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ Cuiabá, gbogbo ojúmọ́ tán sórí ìjókòó. Ẹ fi irú ọjọ́ báyìí sínú ìṣirò yín, ní Bràsíìlì bí ẹ bá fẹ́ lọ ibi mẹ́fà, ọjọ́ mẹ́rin nínú ẹ̀ ti di ti pápákọ̀.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ béèrè. Rio ńkọ́? A ò lọ. Kì í ṣe pé Rio ò dáa, òkè wọn àti etíkun wọn kò ní ẹgbẹ́ nínú gbogbo àwòrán tí mo rí, àmọ́ gbogbo ayé ló mọ Rio, ère Kírísítì tó na ọwọ́ sí méjì lókè ibẹ̀ láti ọdún 1931 yẹn kì í lọ ibì kankan, á ṣì dúró dè wá. Ọjọ́ 16 lásán la ní. Ẹni tó bá ní ọ̀sẹ̀ kan, kó yan Rio àti ibì kan míì, kó fi ìyókù sílẹ̀.

Cuiabá gbóná! Ìjẹta eyín mi ń lu ara wọn, òní dígírì 34. A bọ́ súwẹ́tà.

Ọjọ́ kẹfà sí ìkẹjọ, Pantanal

Ibí ni mo fẹ́ràn jù, torí náà ẹ fara dà á fún mi.

Ẹ fojú inú wo ilẹ̀ tó tẹ́jú pẹrẹsẹ bí àtẹ́lẹwọ́, ó fẹ̀ ju gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lọ. Tójò bá rọ̀ láti nkan bí Oṣù Kẹwàá, odò máa kún, àmọ́ torí pé ilẹ̀ ò dagun, omi ò ríbi ṣàn lọ, á kàn tẹ́ rẹrẹ sórí koríko fún oṣù bíi mélòó kan. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi á máa fà, ó máa ku adágún kéékèèké níhìn-ín lọ́hùn-ún, ẹja á há sínú ẹ̀, gbogbo ohun tó bá ń jẹ ẹja lábẹ́ ọ̀run á pé jọ síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé Oṣù Keje dé Oṣù Kẹwàá lẹ máa ń rí ẹranko jù.

Ọ̀nà tá a gbà wọ ibẹ̀ láti àríwá ni Transpantaneira, ọ̀nà erùpẹ̀ ni, ó bẹ̀rẹ̀ ní Poconé, ó parí sí Porto Jofre, ó lé ní 140 kìlómítà, afárá tó wà lórí ẹ̀ lé ní 100, àwọn kan nínú ẹ̀ ṣì jẹ́ pákó. Wọ́n fẹ́ kó dé Corumbá nígbà tí wọ́n ń là á, omi ò gbà fún wọn. Bí ọkọ̀ bá ti gun afárá báyìí ẹ máa gbọ́ pákó tó ń ké gbàgà-gbàgà lábẹ́ táyà, ẹ bojú wolẹ̀, ọ̀nì. Kì í ṣe ọ̀nì kan o, ọ̀nì bí ẹni da igi ìdáná sílẹ̀, wọ́n ya ẹnu, wọn ò mira. Mo ka 40 lábẹ́ afárá kan, ó sú mi. Ẹyẹ àkọ̀ wọn ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, orí dúdú, ọrùn pupa, tuiuiú ni wọ́n ń pè é. Eku kan wà, capivara, ẹ ronú ọ̀yà tí wọ́n bọ́ títí tó fi tó àgùntàn, ó kàn jókòó sẹ́bàá ọ̀nì, tọ̀hún ò sì fọwọ́ kàn án.

Inú oko màlúù la sùn, torí pé ilẹ̀ onílẹ̀ ló pọ̀ jù ní Pantanal, àwọn olóko máa ń ya yàrá fún àlejò. Lálẹ́ ọjọ́ keje afẹ́fẹ́ yí padà, afẹ́fẹ́ tútù kan tó máa ń ti gúúsù wá, friagem lorúkọ ẹ̀, ọ̀sán 33, ìdájí 13. A tún wá súwẹ́tà. Àbúrò mi ti rọ tiẹ̀ sísàlẹ̀ báàgì pátápátá pé ó ti tán, ó tú gbogbo ẹrù sílẹ̀ nínú òkùnkùn, ó ń sọ̀rọ̀ sí mi bíi pé èmi ni mo gbé òtútù wá.

Ọjọ́ kẹjọ, lórí odò ní Porto Jofre, a rí i. Onça-pintada, ẹkùn tiwọn. Ó jókòó létí omi lórí iyanrìn, irun ẹ̀ ṣì tutù, ó jọ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ kọjá ni. Orí yẹn! Ó rí kìjikìji bí odó. Atukọ̀ wa sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé agbárí ọ̀nì ló máa ń gé jẹ tààrà, ẹnu ẹ̀ lágbára débi pé kò ní kó lọ síbi ọ̀fun. Ó wò wá, ó yán, ó yí ojú kúrò. Kò sẹ́ni tó mí nínú ọkọ̀ wa. Lẹ́yìn nkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó dìde, ó na ara, ó wọgbó lọ, àbúrò mi wá rántí pé fóònù wà lọ́wọ́ òun. Kò ya àwòrán kankan. Kò sì dùn ún.

Ọjọ́ kẹsàn-án, Brasília

Ìlú tí wọ́n fi rúlà yà. Lúcio Costa ló ya ìlú, Oscar Niemeyer ló ya àwọn ilé ńláńlá, Ààrẹ Kubitschek sì ṣí i ní 21 Oṣù Kẹrin 1960, kí olú-ìlú lè kúrò létíkun kó wá sáàárín gbùngbùn. Tẹ́ ẹ bá wò ó láti òkè, ó rí bí ọkọ̀ òfurufú. Ọ̀dàn ló yí i ká, wọ́n ń pe irú ilẹ̀ náà ní cerrado, igi kúúkùùkú, erùpẹ̀ pupa, afẹ́fẹ́ Oṣù Keje ibẹ̀ wá gbẹ bí ọyẹ́, ètè mi là, imú àbúrò mi ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Àdírẹ́ẹ̀sì wọn lẹ́tà àti nọ́ńbà ni, kò sí "yà sọ́wọ́ ọ̀tún níbi ìyá alákàrà". Ìlú ọlọ́kọ̀ ni, ẹlẹ́sẹ̀ ò láyọ̀ níbẹ̀. Kàtídírà wọn nìkan ló mú mi: ẹ máa gba ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ tó ṣókùnkùn wọlé, ẹ ó kàn ṣàdédé yọ sínú ìmọ́lẹ̀, òpó 16 tẹ̀ kọrọdọ lọ sókè bí ọwọ́ tó ń gbàdúrà, gíláàsì aláwọ̀ búlúù láàárín wọn. Ọjọ́ kan tó ibẹ̀.

Ó wá kan kẹ́tùlù. Ní São Paulo, iná 127 fọ́ọ̀tì ni, kẹ́tùlù 127 la sì rà. Ní Brasília, iná 220 ni. Orílẹ̀-èdè kan náà! Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, ihò mẹ́ta róbótó kan náà. Àbúrò mi ki wáyà ẹ̀ bọ ògiri, ó ń palẹ̀ kọ́ọ̀pù mọ́, ó kàn ró póò, èéfín bo yàrá, òórùn rọ́bà tó jóná kò kúrò títí a fi lọ. Ẹ béèrè o, ní gbogbo ìlú tẹ́ ẹ bá dé, ẹ béèrè iye fọ́ọ̀tì kẹ́ ẹ tó ki nkankan bọ ògiri.

Ọjọ́ kẹwàá, Manaus

Aago tún fẹ́ẹ̀ bà wá jẹ́. Cuiabá fi wákàtí kan wà lẹ́yìn Brasília, aago ọwọ́ àbúrò mi ṣì wà ní ti Cuiabá, òun lèmi náà ń wò torí fóònù mi ti kú, a rọra ń jẹun àárọ̀ bí ọba, ìgbà tá a dé pápákọ̀ wọ́n ti ń pe orúkọ wa. A sáré. Mo kúrò lẹ́ni tó ń sáré tipẹ́.

Manaus, ìlú tí èèyàn inú ẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méjì láàárín igbó, púpọ̀ nínú àwọn tó ń lọ síbẹ̀ láti gúúsù, ọkọ̀ òfurufú tàbí ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀, torí títì tó wá láti ìlú Porto Velho ní ìsàlẹ̀, apá tó pọ̀ nínú ẹ̀ kò ní ọ̀dà, tójò bá dé ó di ẹrẹ̀. Òórùn ewé tútù, ooru tó lẹ̀ mọ́ra. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ní São Paulo wọ́n ní òtútù làwọn wà, ní Manaus, Oṣù Keje kan náà, wọ́n ní ẹ̀ẹ̀rùn àwọn ń bẹ̀rẹ̀ ni.

Ilé eré Teatro Amazonas wà láàárín ìlú, 1896 ni wọ́n ṣí i, owó rọ́bà ni wọ́n fi kọ́ ọ, máábù láti Ítálì, orí ẹ̀ wọ́n fi táìlì 36,000 tò ó ní àwọ̀ àsíá Bràsíìlì. Nígbà yẹn igi rọ́bà tó ń so owó kò sí níbòmíì. Gẹ̀ẹ́sì kan, Henry Wickham, ló kó èso ẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1876, wọ́n gbìn ín sí Éṣíà, nígbà tó fi máa di bí 1912 ọjà rọ́bà Manaus ti dojú dé.

Ọjọ́ kọkànlá àti ìkejìlá, orí odò

Odò Negro dúdú bíi tíì tí ò ní mílíìkì, ewé tó jẹrà ló pa á láró, ó sì kan díẹ̀, ẹ̀fọn ò fẹ́ràn ẹ̀. Odò Solimões aláwọ̀ ẹrẹ̀. Níbi tí wọ́n ti pàdé lẹ́yìn ìlú, wọn ò dàpọ̀. Wọ́n ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún nkan bíi kìlómítà mẹ́fà, ìlà tó wà láàárín wọn hàn kedere, torí eré wọn ò dọ́gba, ìgbóná wọn ò dọ́gba, ọ̀kan sì wúwo ju èkejì. Mo ki ọwọ́ bọ ibi dúdú, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, atukọ̀ tún ọkọ̀ darí díẹ̀, mo ki ọwọ́ bọ ibi pupa, ó tutù.

Ní èbúté wọ́n kọ bí omi ṣe ga tó lọ́dọọdún sára ògiri. 2021 ló ga jù, 30.02 mítà. Nígbà tó fi máa di 2023, ọ̀dá mú un wálẹ̀ dé 12.70. Ẹ ronú odò tó lè lọ sókè sódò bí ilé alájà márùn-ún. Ìgbà tá a lọ omi ṣì pọ̀, ọkọ̀ wa ń gba àárín orí igi kọjá, ẹ̀ka igi ń gbá mi létí, atukọ̀ nawọ́ sísàlẹ̀, ó ní tó bá di Oṣù Kọkànlá ilẹ̀ gbígbẹ ni ìsàlẹ̀ yẹn, àwọn á máa fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀.

Bàbá atukọ̀ yẹn ló ṣe ohun tí mi ò ní gbàgbé. Ọ̀sán pọ́n, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó yọ àpò kékeré kan lábẹ́ ìjókòó, ó bu nkan pupa rúsúrúsú sínú igbá. Igbá gidi o, igbá tá a mọ̀. Ó na igbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó bu omi odò sí i, ó jì í díẹ̀, ó dúró kó wú, ó gbé e sẹ́nu.

Àbúrò mi dìde nínú ọkọ̀, ọkọ̀ fẹ́ẹ̀ dojú dé. "Ẹ̀gbọ́n! Bàbá ń mu gàrí!"

Chibé ni wọ́n ń pè é. Farinha ni gàrí yẹn, ti Uarini ló dáa jù lójú wọn, ó rí róbótóróbótó bí ẹyin ẹja, ó le ju tiwa lọ, ẹni tí ò bá ní sùúrù kó wú á fi eyín sanwó ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ̀gẹ́ ti wá, àwọn Potogí ló gbé e dé Áfíríkà, àwọn Àgùdà tó sì padà sílé ní àwọn ọdún 1800 wà lára àwọn tó tan ṣíṣe gàrí kálẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Mo mọ̀ ọ́n lórí ìwé tẹ́lẹ̀. Kí bàbá kan jókòó síwájú ẹ lórí odò Amazon kó máa mu gàrí pẹ̀lú igbá, nkan míì nìyẹn. Omi inú ọ̀rá tiwa la fi mu tiwa, mi ò kì í ṣe akọni tó bẹ́ẹ̀. Kó tó dalẹ́ a ti ra kílò méjì ní ọjà Adolpho Lisboa.

Ọjọ́ kẹtàlá àti ìkẹrìnlá, São Luís àti Lençóis Maranhenses

São Luís, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Maranhão, a sùn níbẹ̀ ni. Ohun kan péré: wọ́n fún wa ní ìrẹsì kan tí wọ́n ń pè ní arroz de cuxá, mo tọ́ ọ wò, ìṣápá. Ìṣápá àti edé gbígbẹ! Mo bu ẹ̀ẹ̀mejì.

Aago mẹ́rin ìdájí ọkọ̀ gbé wa lọ sí Barreirinhas, ọ̀nà tó lé ní 250 kìlómítà, a wá bọ́ sínú mọ́tò gíga tó lè gun iyanrìn. Lençóis túmọ̀ sí aṣọ ìtẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bó sì ṣe rí nìyẹn, òkìtì iyanrìn funfun tó ká jọ bí aṣọ tẹ́nìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn dìde lórí ẹ̀, láàárín òkìtì méjì-méjì, adágún omi, búlúù, àwọ̀ ewé, mímọ́ gaara. Ẹ ó pè é ní aṣálẹ̀ kẹ́ ẹ tó débẹ̀, kì í ṣe aṣálẹ̀, òjò ń rọ̀ níbẹ̀ dáadáa, láti Oṣù Kìíní dé Oṣù Kẹfà, òjò yẹn ló ń kún adágún. Tẹ́ ẹ bá lọ ní Oṣù Kejìlá, iyanrìn lásán ló máa pọ̀ jù. UNESCO ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá ayé ní 2024. Àbúrò mi sá láti orí òkìtì, ó já sínú omi pẹ̀lú fóònù nínú àpò. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ lé e lórí mọ́.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún àti ìkẹrìndínlógún, Salvador

Mo ti ń bẹ̀rù pé àwọn èèyàn ti sọ̀rọ̀ Salvador jù, pé kò ní wú mi lórí. Òjò ń rọ̀ nígbà tá a dé, ibẹ̀ ni olú-ìlú wọn àkọ́kọ́, 1549 títí di 1763, ìlú òkè ìlú ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ agbéniròkè tí wọ́n ń pè ní Elevador Lacerda ló so wọ́n pọ̀ láti 1873. Ìyá aláṣọ funfun jókòó ní Pelourinho ti agbada epo pupa, wọ́n ń pè é ní acarajé, àkàrà ni, ẹ̀wà tí wọ́n bó, tí wọ́n lọ̀, wọ́n á là á sí méjì, wọ́n á fi ọbẹ̀ ilá àti edé há a láàárín. Abará wọn, ewé ni wọ́n fi ń wé e bíi mọ́ínmọ́ín. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ ẹ "gbígbóná". Mo ní kí ló dé tí n ò ní fẹ́ ẹ gbígbóná. Ata ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀! Ó dáa, ọmọ Yorùbá ni mí, mi ò sunkún.

Nírọ̀lẹ́ a lọ sí Dique do Tororó, adágún tí wọ́n gbé ère òrìṣà sí, wọ́n dúró sórí omi pẹ̀lú aṣọ ńlá. Bàbá kan tó ń kọjá dúró, ó kọjú sí Ọ̀ṣun, ó tẹ orí ba, ó ní "Ora iê iê ô." Àbúrò mi dáhùn láìrò ó, "Oore yèyé o!" Bàbá yẹn yíjú padà wò wá pẹ́. Kò gbọ́ èdè wa, a ò gbọ́ tiẹ̀, ó kàn di ọwọ́ àbúrò mi mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, òjò ò jẹ́ ká jáde. A jókòó sí ilé ìdáná ilé tá a wọ̀ sí, a bu farinha Manaus tó kù, omi tútù, ṣúgà, ẹ̀pà. Màmá tó ni ilé wọlé, ó dúró.

"Kí lẹ̀ ń mu yẹn?"

"Chibé," àbúrò mi dáhùn.

"Chi-kí-ni?"

Kò gbọ́ ọ rí. Ọ̀rá farinha tiẹ̀ wà lórí sẹ́ẹ̀fù lẹ́yìn ẹ̀, funfun, ó kúnná, ojoojúmọ́ ló ń fi bọ́tà yí i lórí iná, kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé wọ́n lè da omi sí i kí wọ́n mu ún. A bu díẹ̀ fún un. Ó rún ojú pọ̀, ó fi ṣíbí kún ṣúgà ẹ̀, ó tún mu, ó pe ọmọ ẹ̀ kó wá wò ó. Ó wá fa àga, ó ní òun ti pé ọdún 60 òun ò tíì kúrò ní ìpínlẹ̀ Bahia yìí, Manaus yẹn, báwo ni ibẹ̀ ṣe rí gan-an?

Àbúrò mi ti igbá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó yọ màpù onílà bírò yẹn nínú báàgì, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì.